ÌBẸ̀RẸ̀ Ọ̀TUN NÍNÚ IṢẸ́ ÌRÁNṢẸ́: ÀPẸẸRẸ ÀWỌN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ WA ÀKỌ́KỌ́

Nínú ìwé ìrántí irú èyí, a máa ń to orúkọ àwọn àlùfáà tí wọ́n ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ lẹ́sẹẹsẹ, a ó sì kọ ọdún tí olúkúlùkù dé àti ọdún tí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé náà yóò fi ìka tọ orúkọ wọ̀nyí lọ. Yóò dúró níbi orúkọ ẹni tí ó rì í bọmi, tàbí ẹni tí ó so òun àti aya rẹ̀ pọ̀ nínú ìgbéyàwó mímọ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọdún méjì tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kò lè sọ fún wa. Kò lè sọ bí ó ti rí fún olúkúlùkù wọn ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ ní ilé àlùfáà, tí kò tíì mọ ẹni tí í ṣe ọ̀rẹ́, tí kò sì mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń bá àlùfáà àná lọ.

Ètò ìjọ Áńgílíkà ni pé kí a máa ṣí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ nípò. Ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ lónìí lè di díákónì lọ́la. Ẹni tí ó ń ṣe àlùfáà ìjọ kan lè di alábòójútó ìjọ púpọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì lè di Bíṣọ́ọ̀bù. Ayé a máa pe èyí ní ìgbéga, a ó pa ẹran, a ó sì dá aṣọ. Òótọ́ ni pé ìgbéga ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni pẹ̀lú. Àwọn baba wa a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ tuntun nínú ìjọ: bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó nínú iṣẹ́ àná, ó di àlejò nínú iṣẹ́ òní.

Ẹ̀yin àlùfáà ọlọ́wọ̀ tí ẹ wá bá wa yọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa, bí a ti ń dúpẹ́ 100 ọdún yìí, ó yẹ kí a bojú wẹ̀yìn wo àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà. Bí a bá wò wọ́n dáadáa, a ó rí i pé ohun méjì ni ó ń mú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun dúró. Èkíní ni pé kí ẹni tí a rán gbà láti tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni pé kí àwọn tí ó rán an, àti àwọn tí ó gbà á, má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti kù, ọgbẹ́ a máa bá ìjọ, ó sì lè pẹ́ kí ó tó san.

AJAYI ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Kò sí ọmọ ìjọ kan tí kò tíì gbọ́ orúkọ Samuel Ajayi Crowther rí. Ohun tí a kì í sábà rò ni iye ìgbà tí ọkùnrin yìí ní láti bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo lákọ̀tun.

A bí i ní Òṣoògùn ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì ta ọmọdékùnrin náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà, a sì kó Ajayi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Sierra Leone. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. A rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ tuntun. Nígbà tí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́, ó gbé ìyàwó, ó bí ọmọ, àwọn ènìyàn sì ń bu ọlá fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ó parí ayé rẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni kì bá tí sọ pé kò ṣe iṣẹ́ rere.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí odò Ọya, Ẹgbẹ́ C.M.S. sì yan Crowther àti Àlùfáà J. F. Schön láti bá wọn lọ. Ibà kọlu àwọn òyìnbó nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì kú. Lẹ́yìn ìrìn àjò yìí, ó hàn gbangba pé bí ìhìnrere yóò bá dé àárín gbùngbùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni yóò gbé e débẹ̀. A pe Crowther lọ sí London. Báyìí ni olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀, tí ó jẹ́ ọkọ àti bàbá, tún jókòó lórí àga akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. tí ó wà ní Islington. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1843, Bíṣọ́ọ̀bù London fi í jẹ díákónì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ó di àlùfáà. Nínú ọdún náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó dúró níwájú àwọn ènìyàn wa ní Freetown, ó sì ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó ti ń sin Ọlọ́run ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà èwe rẹ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1845, òun àti Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Oṣù kọjá, ọdún kan kọjá, wọ́n ṣì wà ní Àgbádárìgì. Wọn kò jókòó lásán, nítorí wọ́n wàásù, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, kò tíì pé oṣù kan tí ìyá Crowther fi wá a kàn, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọdún 1848 a rì í bọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé láti ìgbà tí ogun ti mú Ajayi títí di ìgbà yìí, kò sí ìpele kan tí a fi lé e lọ́wọ́ ní pípé. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

BÍṢỌ́Ọ̀BÙ LÁÀÁRÍN ÀWỌN TÍ KÒ GBỌ́ ÈDÈ RẸ̀

Ẹni tí ó ṣe aápọn jùlọ kí Crowther lè di Bíṣọ́ọ̀bù ni Henry Venn, akọ̀wé àgbà C.M.S. ní London. Èrò Venn ni pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀, kí ó sì máa tan ìhìnrere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní kàtídírà Canterbury, a ya Crowther sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ó tó nǹkan bí ẹni ọdún 57.

Ní èrò ènìyàn, ilẹ̀ Yorùbá ni ó yẹ kí ó ti jẹ oyè náà. Ibẹ̀ ni a ti bí i. Èdè ibẹ̀ ni ó ti kọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó oníwàásù wà ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn. Townsend, tí ó ti ṣe iṣẹ́ takuntakun fún àwọn Ẹ̀gbá, ti kọ̀wé tipẹ́tipẹ́ pé kò yẹ kí a fi aláwọ̀ dúdú ṣe olórí àwọn òyìnbó. Nítorí náà a yọ ibi wọ̀nyí kúrò lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù tuntun náà, a sì fún un ní odò Ọya àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká. Ẹni tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù kò ní ọlá Bíṣọ́ọ̀bù nínú ilé ara rẹ̀. Láàárín àwọn Ìgbò, àwọn Tápà, àti àwọn ará etí òkun ní Bonny àti Brass ni ó ní láti lò ó.

Kò ṣàìmọ odò náà. Ó ti gùn ún ní 1841. Ó tún gùn ún ní 1854 pẹ̀lú Dókítà Baikie nínú ọkọ̀ Pleiad, nígbà tí a ń lo oògùn ibà tí a ń pè ní kuinínì, tí ibà kò sì pa ẹnì kan nínú ọkọ̀. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta ní 1857, nígbà tí ó fi Àlùfáà J. C. Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, sílẹ̀ ní Onitsha láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn la ilẹ̀ kọjá yàtọ̀ sí kí ó jẹ́ bàbá àwọn ará ibẹ̀. Bí Crowther ti rí èyí hàn nínú àwọn ìwé tí ó ṣe. Ní 1857 ó tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè Ìgbò jáde. Ní 1864, ọdún tí ó gba oyè gan-an, ó tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Tápà jáde. Ní 1882, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó tún tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Ìgbò jáde. Ẹ wò ó bí arúgbó Bíṣọ́ọ̀bù, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Oxford ti fi oyè Dókítà dá lọ́lá, ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe èyí, kí ni wọ́n ń pe tọ̀hún, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Oyè kò mú un gbàgbé bí a ti í jókòó lórí àga akẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sábà máa ń bá lọ, ìgbà tí omi bá kún nìkan ni ọkọ̀ sì lè gòkè odò dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti Sierra Leone wá. Àwọn náà jẹ́ àlejò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gbọ́ èdè ibi tí a rán wọn sí. Ọ̀nà láti ibùdó kan dé èkejì jìn, Bíṣọ́ọ̀bù kò sì lè wà níbi gbogbo. A kò ní sọ pé kò sí àléébù lára àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àwọn kan nínú wọn ṣìwà hù, bàbá náà sì jẹ́ onísùúrù ènìyàn tí kì í tètè bínú. Ṣùgbọ́n Venn, tí ó ní ìrètí nínú iṣẹ́ náà, kú ní ọdún 1873. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ẹlòmíràn dé ipò àṣẹ ní London tí wọn kò ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀, a sì rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó wá sí odò Ọya, àwọn tí ìtara wọn pọ̀ ju sùúrù wọn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ owó ní Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà dúró níṣẹ́ lójú Bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọ bíbí inú rẹ̀, Dandeson, tí í ṣe Ajídíákónì, wà nínú àwọn tí a dá dúró. Bàbá arúgbó náà dìde, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ etí òkun ní Bonny àti àgbègbè rẹ̀ kó ara wọn jọ lábẹ́ Ajídíákónì Dandeson Crowther, wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ àwọn àlùfáà wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìdàpọ̀ Áńgílíkà sílẹ̀. Ó di ọdún 1952 kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó tún di Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ń ṣe àkóso àgbègbè tirẹ̀, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a ti ya Crowther sí mímọ́, a ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní kàtídírà Canterbury kan náà, Àrṣíbíṣọ́ọ̀bù Justin Welby sì tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ohun tí a ṣe sí i. Àforíjì náà dára. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ọdún 120 lẹ́yìn ikú ẹni tí a ṣẹ̀. Crowther ṣe ipa tirẹ̀: ó gbà láti di akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ó rán an ni kò dúró tì í dé òpin.

OLÙKỌ́ ÀTI AJÍHÌNRERE TÍ A SỌ DI BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Lẹ́yìn ikú Crowther a yan Joseph Sidney Hill ní Bíṣọ́ọ̀bù, a sì yan ọmọ ilẹ̀ wa méjì láti ràn án lọ́wọ́. Isaac Oluwole ni ọ̀kan. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School ní Èkó láti ọdún 1879. Charles Phillips ni èkejì. Ó ti wà ní Oǹdó láti ọdún 1877, òun àti Àlùfáà Samuel Johnson sì ni Gómìnà Moloney rán níṣẹ́ sí àwọn ìhà méjèèjì nígbà tí a ń wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì ní ọdún 1886. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1893, ní kàtídírà St. Paul's ní London, a ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mímọ́ pọ̀.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó kò dùn sí ètò yìí. Wọ́n ní ẹni tí ó rọ́pò Crowther ìbá jẹ́ ọmọ ilẹ̀, kì í ṣe pé kí a fi ọmọ ilẹ̀ ṣe igbákejì. Nítorí náà kì í ṣe ìdùnnú nìkan ni Oluwole àti Phillips bá lọ́nà nígbà tí wọ́n padà dé; wọ́n bá ìkùnsínú pẹ̀lú. Láìpẹ́ tí Hill dé Èkó, ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894. Ẹni tí a fi wọ́n ràn lọ́wọ́ kò sí mọ́, wọn kò sì tíì pé ọdún kan lórí oyè. Ní ọdún náà ni Herbert Tugwell gba ipò Hill, wọ́n sì ní láti kọ́ bí a ti í bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti Oluwole díẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ a máa lu aago, gbogbo ọmọ a sì tò. Ẹni tí kò bá tò mọ ohun tí ó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n kò sí aago tí Bíṣọ́ọ̀bù lè lù kí ìjọ tò. Àgbà ni yóò bá sọ̀rọ̀, àgbà tí ó ní ìjọ tirẹ̀, tí ó ní ìtàn tirẹ̀, tí ó sì lè jókòó sílé bí inú bá bí i. Ọdún 14 tí ó fi ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ́ ọ ní èyí. Inú iṣẹ́ tuntun náà ni ó ti ní láti kọ́ ọ. Phillips padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní ọdún 1906. Oluwole ní tirẹ̀ wà lórí oyè títí di ọdún ikú rẹ̀, 1932, lábẹ́ Tugwell àti lẹ́yìn náà lábẹ́ F. Melville Jones. Ọdún bí 39 ni èyí. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ìkùnsínú di bàbá tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá bọ̀wọ̀ fún, nítorí pé ó dúró, àwọn ènìyàn sì fún un ní àyè láti dàgbà nínú oyè.

Ọ̀nà yìí kan náà ni A. B. Akinyele gbà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ fún ogún ọdún kí a tó fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́ ní ọdún 1933. Nígbà tí a dá àgbègbè Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1952, òun ni Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ibẹ̀.

JAMES JOHNSON ÀTI ÌJỌ BREADFRUIT

Ìtàn kẹta ni ó le jùlọ, ó sì kan àwa ọmọ ìjọ ju àwọn ìyókù lọ. James Johnson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sierra Leone ní nǹkan bí ọdún 1836, dé Èkó ní ọdún 1874 láti ṣe àlùfáà ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Ìwà mímọ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní Johnson Mímọ́. Kò pẹ́ tí a fi sọ ọ́ di alábòójútó àwọn ìjọ C.M.S. ní òkè ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ṣí lọ sí Abẹ́òkúta.

Iṣẹ́ tuntun ni èyí jẹ́ fún un, ó sì fi gbogbo ìtara rẹ̀ lé e. Ó fẹ́ kí owó kíláàsì pọ̀ sí i, kí ìjọ lè bọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ fi ẹrú níní àti ìkóbìnrinjọ sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí ó ń wá dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Abẹ́òkúta tí ó bá lẹ́nu iṣẹ́ ti jẹ́ onígbàgbọ́ kí ó tó dé. Wọ́n ti la inúnibíni kọjá. Wọ́n sì wo àlejò yìí bí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ tí ó fẹ́ tún ṣe. Àtakò dìde. Ní ọdún 1880 a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Breadfruit. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tí a rán kò dúró kọ́ ilẹ̀ tó kí ó tó máa pàṣẹ. Àwọn tí ó gbà á kò fún un ní àyè. Àwọn tí ó rán an sì tètè ká ọwọ́ kò. Ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pín nínú ẹ̀bi náà.

Kí alábòójútó ìlú púpọ̀ tún padà wá di àlùfáà ìjọ kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun ni èyí náà, ó sì korò ju ti ìgbéga lọ. Johnson gbà á. Ó fi ogún ọdún bọ́ agbo yẹn. Láti 1886 dé 1894 ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Èkó, ó sì ń gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀ níbẹ̀. Ìjọ Breadfruit fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ti í fẹ́ràn bàbá.

Ní ọdún 1900 a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́, a sì yan etí òkun odò Ọya fún un. Ó tó nǹkan bí ẹni ọdún 64. Ní ìgbà tí ẹlòmíràn ń wá ibi ìsinmi, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì ń lọ sáàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn aláṣẹ gbà yọ ọ́ kúrò ní Breadfruit àti ní ilé àlùfáà ibẹ̀ dun ìjọ náà wọra. Wọ́n rí i pé a kò bu ọlá fún bàbá wọn, wọ́n sì rí i pé a kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn náà. Ìbínú náà kò rọlẹ̀. Ní ọdún 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹni tí àwọn tìtorí rẹ̀ jáde yóò tẹ̀ lé àwọn. Kò tẹ̀ lé wọn. Johnson dúró nínú ìjọ tí ó fi í jẹ oyè, ó ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní ọdún 1917.

A kò mú ìtàn yìí wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìjọ tí a dá sílẹ̀ nígbà náà ti di ìjọ ńlá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sin Olúwa kan náà tí àwa ń sìn. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fi hàn wá pé bí a bá ṣí ìránṣẹ́ Ọlọ́run nípò, kì í ṣe òun nìkan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìjọ tí ó fi sílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọ tí ó ń lọ bá ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláṣẹ tí ó ṣí i nípò náà sì ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, ibẹ̀ ni ògiri yóò ti lanu.

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA

Àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò jìnnà sí wa. Ní 100 ọdún yìí, ìjọ wa ti gba ọ̀pọ̀ àlùfáà, ó sì ti sin ọ̀pọ̀ sọ́nà. Olúwa ìbá jẹ́ kí a ní ọgbọ́n fún àwọn tí ń bọ̀.

Fún ẹni tí a rán, àpẹẹrẹ Crowther ni kí ó wà níwájú rẹ̀. Bí èdè ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí ó kọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, kí ó ṣì kọ́ ti ibẹ̀, nítorí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé: ìdí tí a fi ń kọ orin kan ní ọjọ́ kan, ìdí tí ìdílé méjì kì í fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ pẹpẹ. Kí ó béèrè kí ó tó tún nǹkan ṣe. Bí a bá sì mú un kúrò ní ibi gíga wá sí ibi kékeré, kí ó rántí Johnson ní ọdún 1880, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pẹ́ jùlọ ní Èkó ṣì wà níwájú rẹ̀.

Fún àwọn tí ń rán ni, kí wọ́n rántí Onitsha ní ọdún 1890. Ẹni tí a bá gbé sórí òkè, kí a má ṣe yọ àkàbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí a bẹ̀ ẹ́ wò, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí a tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí a bá sì ń mú un kúrò níbi kan, kí a fi ọ̀wọ̀ mú un kúrò.

Fún àwa ọmọ ìjọ, kí a má ṣe fi àlùfáà àná na àlùfáà òní. Kí a fún un ní ọdún kan kí ó tó mọ orúkọ wa, kí a má sì bínú bí ó bá ṣi orúkọ pè. Ẹni tí ó lọ, kí a jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà, kí a má ṣe máa kó ẹjọ́ ìjọ lọ bá a ní ibi tuntun. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ kò mọ sí ti àwọn tí ó wọ aṣọ funfun. Obìnrin tí a fi ṣe ìyá ìjọ lẹ́yìn ikú ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú, olùtẹ dùùrù tí a ní kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọdé, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fẹ̀yìntì tí a sì fi iṣẹ́ ìríjú lé lọ́wọ́, gbogbo wọn ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ábúráhámù jẹ́ ẹni ọdún 75 nígbà tí ó jáde kúrò ní Háránì. Mósè jẹ́ ẹni 80 ọdún nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Iṣẹ́ Olúwa kì í wo iye ọdún kí ó tó pe ènìyàn sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjọ yìí fúnra rẹ̀, tí ó ń parí ọ̀rúndún kan, wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lónìí. Àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kò sí mọ́. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Kí a dúpẹ́ fún ohun tí ó ti kọjá, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jókòó lé e lórí. Kí Olórí Ìjọ, ẹni tí ó ń pe olúkúlùkù ní orúkọ tí ó sì ń rán an sí ibi tí ó wù ú, fi ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sínú gbogbo àwọn tí Ó rán, kí Ó sì fi ẹ̀mí sùúrù sínú gbogbo àwọn tí a rán wọn sí, títí iṣẹ́ yóò fi parí, tí olùṣọ́ àti agbo yóò sì jùmọ̀ wọ ìsinmi. Àmín.